Bàbá Tó Ń Wọ Bàtà fún Lẹ́tà

Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Sìkírátù dé ẹnu géètì ilé rẹ̀ ní Baruwa láti ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà ní Ìpájà, tó rí i pé wọ́n ti gé àgádágodo géètì náà jù sílẹ̀. Ó sáré wọlé. Àga bàbá rẹ̀ ti dojú bolẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohun pupa kan sì ṣàn láti ìdí àga náà títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó pe bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Igbe tó ké lẹ́yìn náà ló kó gbogbo àdúgbò jọ.

Kí Ìnsípẹ́kítọ̀ Títílọpẹ́ tó dé láti àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ti mú ẹnì kan. Táyéwò, jórinjórin tó ń gbé ilé kejì, wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín èrò, Kọnsítébù Ebenezer sì di ṣòkòtò rẹ̀ mú gírígírí.

"Madam, a ti rí i," ni Ebenezer wí. "Òun nìkan ló ní ayùn irin ládùúgbò yìí. Gbogbo wọn ló gbọ́ bó ṣe ń bá obìnrin yìí jà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní lọ́jọ́ kan, òun máa já géètì yẹn."

Ìnsípẹ́kítọ̀ náà kọjá lára wọn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó lóṣòó ti ohun pupa náà, ó fi ìka kàn án, ó gbé e sí imú.

"Ọ̀dà ni," ó wí. "Kò sẹ́jẹ̀ níbí. Ẹ fún ìyáàfin yìí ní omi mu, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó."

Ó tẹ̀ lé ọ̀dà náà dé ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ènìyàn méjì ló tẹ̀ ẹ́ jáde, ọ̀kan wọ sálúbàtà, èkejì wọ bàtà aláwọ. Wọ́n rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni, ìṣísẹ̀ wọn ṣe déédéé, kò síbi tí wọ́n ti wọ́ ẹnikẹ́ni nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú àgádágodo, ó gbé e sí oòrùn.

"Táyéwò, mú ayùn rẹ wá."

Wọ́n bá a mú un wá. Ó wò ó, ó dá a padà.

"Ayùn a máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀ ni, á sì da ìyẹ̀fun irin sílẹ̀. Èyí ò ní ìyẹ̀fun kankan, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló sì tẹ̀ wọnú. Irinṣẹ́ ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n fi ń gé ọ̀pá irin ló gé e, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni. Ebenezer, fi ṣòkòtò ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Táyéwò dìde, ó ń gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

"Kí lo wá ń bá wọn jà lé lórí?" ni Ìnsípẹ́kítọ̀ béèrè.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Madam. Àgbà ọkùnrin! Àràárọ̀ ni wọ́n ń ti géètì mọ́ wọn bí ẹran. Mo ní kò dáa. Mo ní bí mi ò bá ríbi gbà mọ́, màá já a. Ẹnu lásán ni jàre."

Orí Sìkírátù wà nílẹ̀. Ó ṣàlàyé fún Ìnsípẹ́kítọ̀ pé Abdulganiyy lorúkọ bàbá òun, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, pé ogójì ọdún ló fi kọ orúkọ sára ṣọ́ọ̀bù àti pátákó káàkiri Alimosho, tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Bàbá Àtíìsì. Ọdún méjì sẹ́yìn ni ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Ó jáde lọ́jọ́ kan, àṣálẹ́ ni wọ́n rí i nínú ọjà, tó ń wá ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti wó láti ọdún mẹ́wàá.

"Mi ò lẹ́ni tó lè bá mi ṣọ́ wọn," ni Sìkírátù wí. "Tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, màá tì í. Tí mo bá dé, màá ṣí i. Mo rò pé ààbò ni mo ń ṣe."

"Kí ni wọ́n mú lọ nínú ilé?"

Sìkírátù lọ wò ó. Tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, fóònù bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó padà dé pẹ̀lú ìyanu lójú.

"Búrọ́ọ̀ṣì wọn ni, Madam. Gbogbo ẹ̀ pátá."

"Ajínigbé wo ló ń gbé búrọ́ọ̀ṣì?" ni Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ta ló tún ń wá wọn wá fún iṣẹ́?"

"Wọ́n pọ̀. Àwọn kan ń wá sílé, àwọn kan ń pè mí lórí fóònù. Mo máa ń lé gbogbo wọn ni. Mo ní bàbá mi ò ṣiṣẹ́ mọ́."

Nígbà tí èrò túká, Ìnsípẹ́kítọ̀ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Táyéwò, ó ń wo ohun tí Bàbá Àtíìsì kọ sí ògiri rẹ̀: *Táyéwò Jórinjórin, Ẹ Gbé E Wá Bó Ṣe Kán*. Kò tíì rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí. T na apá méjèèjì bí ẹni tó ń jó, O yọ ikùn síta, K ta ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Àmì ohùn orí wọn dà bí etí fìlà abetíajá. Ohun tó wá pa á lẹ́rìn-ín jù ni ìsàlẹ̀. Dípò kí bàbá náà fi àmì róbótó sábẹ́ Ẹ àti Ṣ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe, bàtà ló wọ̀ fún wọn, bàtà kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ní gìgísẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà dà bí ìdílé tó múra ọdún Iléyá. Lẹ́tà méjì péré ni kò bá àwọn yòókù rẹ́: g àti b inú *gbé*. Ṣe ni ìrù g ń gbá b lẹ́sẹ̀.

"Ìyẹn máa ń bí wọn nínú gan-an," ni Táyéwò wí lẹ́yìn rẹ̀. "Wọ́n ní g àti b ò gbọ́ ara wọn yé, pé àwọn á parí ìjà yẹn fún wọn kí àwọn tó kú."

"Lẹ́tà ìdùnnú ni wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀," ni Sìkírátù, tó tẹ̀ lé wọn débẹ̀, fi kún un. "Wọ́n á fi kọ orúkọ onígbàjámọ̀, ti oníbúrẹ́dì, ti jẹ́léósinmi. Wọn ò jẹ́ fi kọ ìkìlọ̀ láé. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi kọ 'Má tọ̀ síbí' sára ògiri òun. Wọ́n ní rárá o, ẹni tó bá rí i, ẹ̀rín ló máa rín, á sì tọ̀ ọ́."

Ẹ̀rín fẹ́ pa á bó ṣe ń sọ ọ́, ni ẹkún bá gbà á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan wọ àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú páálí kan lọ́wọ́. Olúwagbénga lorúkọ rẹ̀, ẹni bí ọdún márùndínláàádọ́ta, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti pátákó ní Ìkòtún. Ó ti tẹ ìwé ìwánni igba, ọ̀fẹ́ ni. Àwòrán Bàbá Àtíìsì wà láàárín, *A Ń Wá Bàbá Wa Ará Ògbómọ̀ṣọ́* wà lókè, nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀. Lẹ́tà oníbàtà ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀.

Sìkírátù, tó ti wà ní àgọ́ láti ìdájí, kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ìnsípẹ́kítọ̀ wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé ìwé náà jìnnà sójú díẹ̀.

"Ta ló kọ èyí? Bàbá ò sí ńlé."

"Fọ́ǹtì ni, Madam," ni Olúwagbénga dáhùn. "Mo ya fọ́tò àwọn iṣẹ́ àtijọ́ wọn, mo kó lẹ́tà wọn sínú kọ̀ǹpútà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì, lẹ́tà náà á jáde. Mo ní kí n fi yẹ́ wọn sí."

"G àti b inú Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ò jọ àwọn yòókù. Wọn ò ní ìwà kankan."

"Ẹ lójú o! Èyí tí bàbá ń kọ ò dára, kò ṣe é kó sínú kọ̀ǹpútà. Mo yá g àti b yẹn lára fọ́ǹtì mìíràn ni."

Wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ògiri láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ìpájà dé Ìgàndò. Ẹnikẹ́ni kò pe Sìkírátù. Ajínigbé kò pè, ẹni tó rí bàbá kò pè. Ní ọjọ́ karùn-ún, àwọn ọlọ́pàá wo inú gọ́tà ńlá tó wà lọ́nà Ìgàndò. Ní ọjọ́ keje, ẹbí láti Ògbómọ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ bóyá kí wọ́n kírun sí bàbá lára. Sìkírátù ní àfi bí wọ́n bá gbé òkú dé iwájú òun.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Ìnsípẹ́kítọ̀ ń ra ẹ̀wà ní ọjà Shasha nígbà tí ojú rẹ̀ ká póósítà tuntun kan lára òpó iná. Ìwé ọmọdé kan ni wọ́n ń polówó. *Gbogbo Ọmọ Ló Lè Kàwé*, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, pẹ̀lú lẹ́tà oníbàtà. Ó ti ń lọ, ó tún padà. Gb méjì ló wà nínú *gbogbo*. G na ọwọ́ lé èjìká b bí ọ̀rẹ́ tó ń ti iléèwé bọ̀, ìrù g sì ká sábẹ́ b bí àpótí tí ó jókòó lé. Kò sí ìjà mọ́ láàárín wọn.

Ó rọra ṣí póósítà náà kúrò lára òpó. Nísàlẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ ọ́ pé: *Fọ́ǹtì Yangàn, iṣẹ́ ọwọ́ Olúwagbénga, Ìkòtún*.

Ó gbàgbé ẹ̀wà sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Baruwa ló forí lé.

"Ìyáàfin," ó wí fún Sìkírátù, "ibo ni bàbá yín ti máa ń dán lẹ́tà wò?"

Sìkírátù mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Èédú ni bàbá náà fi kọ gb kún ògiri ibẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó lé ní ogójì. Lára àwọn ti òkè, lẹ́tà méjèèjì ń jà. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ìjà náà ń rọ̀. Nínú èyí tó kẹ́yìn, g ti na ọwọ́, àmọ́ ọwọ́ náà kò tíì dé èjìká b.

"Ìgbà wo ni wọ́n kọ èyí?"

"Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ tó ku ọ̀la tí wọ́n sọnù."

Ìnsípẹ́kítọ̀ tẹ́ póósítà náà sí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sìkírátù wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì di apá ọlọ́pàá náà mú.

"Madam... ọwọ́ ti dé èjìká."

"Ó ti dé e. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lórí ògiri yìí ló parí ẹ̀. Bàbá yín wà láàyè, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."

Sìkírátù jókòó sórí ilẹ̀ lásán. Ìnsípẹ́kítọ̀ yọ ìwé ìwánni láti inú báàgì rẹ̀, ó ní kó ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè. Sìkírátù kà á, ó fi ìka sórí èyí tó kẹ́yìn.

"Mẹ́ta ni tèmi parí sí. Mẹ́jọ ni wọ́n kọ síbí. Mi ò tiẹ̀ wò ó! Ta ló ń ka nọ́ńbà ara ẹ̀?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ pe nọ́ńbà náà lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin kan tó wà ní Kàdúná ló gbé e, Pijin ló sì ń sọ. Ó ní ó ti sú òun, pé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn ará Èkó ti ń yọ òun lẹ́nu nípa bàbá kan. Obìnrin kan pàápàá pè lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun rí bàbá náà lójú wíńdò ilé kan ní Ìgàndò.

Aago mẹ́rin kò tíì lù nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù Olúwagbénga. Ó fi Ebenezer àti Sìkírátù sílẹ̀ nínú mọ́tò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí, ó tẹ́ póósítà sórí tábìlì. "Mo rí èyí ní Shasha. Ó wù mí gan-an. Ta ló ya gb yìí?"

Ojú Olúwagbénga tàn. "Èmi ni, Madam. Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo parí ẹ̀. Òun ló kù kí fọ́ǹtì náà pé."

"Ẹ bá mi ya kan sórí ìwé yìí. Mo fẹ́ fi han ọmọ mi."

"Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣe é..."

"Kọ̀ǹpútà náà kọ́ ló rò ó. Ẹ yà á bó ṣe wà lọ́kàn yín."

Olúwagbénga mú bírò. Ó fa g, ó gbé e tì. Ó tún un fà. Ọwọ́ tó yọ láti ara g náà dà bí ìwọ̀ ẹja, ó kọjá lórí b, ó bọ́ sí òfuurufú. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí irinṣẹ́ gígùn ẹlẹ́nu méjì kan fara ti ògiri láàárín àwọn ọ̀pá irin pátákó. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ pe àwọn tó wà nínú mọ́tò.

Nígbà tí Olúwagbénga rí Sìkírátù, bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Olúwagbénga, jókòó," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. Títí di ìgbà náà, "ẹ" ló ń bá a sọ. Wàyí o, ó bọ́ sí "o". "Mo fẹ́ kó o gbọ́ bí mo ṣe débí. Ẹsẹ̀ tó tẹ ọ̀dà jáde nílé bàbá kò sáré, kò jìjàkadì. Bàbá bá ẹni tó mọ̀ lọ. Búrọ́ọ̀ṣì wọn bá wọn lọ, nítorí náà ọwọ́ wọn ni olè náà ń fẹ́. Irú irinṣẹ́ tó gé àgádágodo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ yẹn. Gbogbo ìyẹn lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Àmọ́ ìwé ìwánni yẹn, ìwọ nìkan lo ṣe é."

"Mo fi ràn wọ́n lọ́wọ́ ni o!"

"O mọ lẹ́tà ju gbogbo wa lọ. O mọ̀ pé lẹ́tà yẹn, ti ìdùnnú ni. Ẹni tó bá rí i lójú títì, á rò pé ìsọmọlórúkọ ni, á sì kọjá lọ. Òun lo wá fi kéde ẹni tó sọnù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó tiraka kà á, Kàdúná ni ìpè wọn ń lọ, torí o sọ mẹ́ta di mẹ́jọ. Ní ọjọ́ kejì tí bàbá sọnù, o ò ní gb. O sọ fún mi fúnra rẹ. Lọ́sẹ̀ kan, o ti ní i, èyí tí bàbá sì bẹ̀rẹ̀ lórí ògiri ẹ̀yìnkùlé wọn gan-an ni. Ìwọ ò lè yà á. Ta wá ló yà á?"

Olúwagbénga fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Mi ò nà wọ́n," ó wí. "Mo ń fún wọn lóúnjẹ. Inú wọn dùn, ẹ lọ bi wọ́n. Mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ dé, wọ́n kàn dìde tẹ̀ lé mi ni, ìdùnnú ni wọ́n fi ta àga àti agolo ọ̀dà dànù. Àwọn tó ń ṣe ìwé ọmọdé yẹn fún mi ní gbèdéke, mo sì ti sọ fún wọn pé èmi ni mo ya gbogbo lẹ́tà náà. Mo pe ọmọ wọn lórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀."

"Ìwọ lo pè?" ni Sìkírátù wí. "O gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kírun sí bàbá mi lára, o ò sọ̀rọ̀. O jẹ́ kí n kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

Olúwagbénga sọ àdírẹ́sì ilé tí bàbá wà, Ebenezer sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Yàrá kan lẹ́yìn ilé ní Ìgàndò ni. Wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ìta, àmọ́ oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba wíńdò wọlé. Bàbá Àtíìsì jókòó sórí ẹní, páálí yí i ká, ọ̀dà wà ní etí rẹ̀ àti ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo Sìkírátù.

"Sìkírá, o pẹ́. Ṣé wọ́n fún ẹ lóúnjẹ níléèwé?"

Obìnrin ẹni ọdún méjìdínlógójì náà kúnlẹ̀. "Wọ́n fún mi, Bàbá mi."

"Ó dáa. Wá wò ó." Ó fa páálí kan síwájú. "Mo ti parí ìjà wọn."

Ẹkún àti ẹ̀rín ló jọ jáde lẹ́nu Sìkírátù. Ó ní òun rí i, ó ní wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Ìnsípẹ́kítọ̀ Títílọpẹ́ yíjú sí wíńdò, ó ń wá gíláàsì rẹ̀ tó wà lójú rẹ̀.

Wọ́n gbé Olúwagbénga lọ sílé ẹjọ́. Àwọn tó ń ṣe ìwé ọmọdé náà wá sí Baruwa fúnra wọn, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì yọ orúkọ Olúwagbénga kúrò. Abdulganiyy lorúkọ tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà báyìí. Sìkírátù kò sì fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nílé mọ́. Ó lọ bá ọ̀gá iléèwé wọn, wọ́n jọ sọ ọ́, láti ọ̀sẹ̀ kejì ni bàbá àti ọmọ ti ń jọ lọ sí Ìpájà láràárọ̀.

Ògiri gígùn tó yí pápá iléèwé ká ni wọ́n fún un kó máa ya lẹ́tà sí. Lẹ́tà kan lóòjọ́, nígbà mìíràn ìdajì lẹ́tà. Tó bá gbàgbé ibi tó dé, àwọn ọmọ kíláàsì Sìkírátù á pariwo lẹ́tà tó kàn fún un, á sì gbá wọn lórí lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ bí ẹni pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Ìnsípẹ́kítọ̀ yà kí wọn, Tíṣà Mary ti kíláàsì kejì dúró ti bàbá náà, oyún oṣù méje wà níkùn rẹ̀.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ máa parí ògiri yìí?" ló béèrè.

Bàbá Àtíìsì wo ògiri náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wo ikùn Tíṣà Mary, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú agolo.

"Kí èyí tó wà níbẹ̀ yẹn tó mọ̀wé kà, ọ̀dà rẹ̀ á ti gbẹ."